Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́fẹ̀: Eré Apanilẹ́rìn-ín ní Ilẹ̀ Yewa

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ tán, a di odindi. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi òwe yìí gba ara wa níyànjú nípa ọ̀rọ̀ sísọ nílé àti lóko, ṣùgbọ́n bí mo ti rò ó síwá tí mo sì rò ó sẹ́yìn, ó hàn sí mi gbangba pé kò sí oníṣẹ́ tí òwe náà bá mu tó ẹlẹ́fẹ̀, ìyẹn ẹni tí ó ń jáde sí agbo, tí ó ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan ṣe àfarawé ọmọ aráyé, tí àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn, tí olúkúlùkù sì ń darí sílé tí ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Àbí èmi ni ọkùnrin yẹn ń bá wí?”

Irú eré bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí: eré ẹ̀fẹ̀ kúkúrú, tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yewa mọ̀ sí ẹ̀fẹ̀ tàbí idán, tí àwọn ará ìgbà Bàbá Sàlá, gbajúmọ̀ aláwàdà, mọ̀ sí àwàdà, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi fóònù ya ara wọn lónìí sì ń pè ní skit. Mo sì fẹ́ kí a dúró sí Ìlaró wò ó, Ìlaró ìlú Orónnà, akọni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe pé ibẹ̀ nìkan ni a ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ilẹ̀ tí ọmọ ènìyàn tẹ̀dó sí tí ẹ̀rín kì í dé. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá yìí, tí a ń pe apá ńlá rẹ̀ ní Ẹ̀gbádò títí a fi sọ ọ́ di Yewa ní ọdún 1995, láti Ìlaró dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ títí wọ Kétu tí ó bọ́ sí ilẹ̀ Benin nígbà tí àwọn òyìnbó pín ilẹ̀, àwọn baba wa kò fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọdé ṣeré. Wọ́n fún un ní òru tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀, ìlù tirẹ̀ àti àṣẹ tirẹ̀.

Kí ni eré ẹ̀fẹ̀ kúkúrú? Eré onítàn gígùn a máa bí ọmọ, a sọ ọ́ lórúkọ, a tọ́ ọ dàgbà, a gbé ìyàwó fún un, nígbà mìíràn a tilẹ̀ sin ín kí aṣọ ìtàgé tó wálẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ẹ̀fẹ̀ kò ní àyè fún gbogbo ìyẹn. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná lójijì, tí ó bá baálé ilé níbi tí ó ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀, tí ó sì pa ilẹ̀kùn dé kí baálé ilé tó rí àwáwí wí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, àti èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti padé, òǹwòran ni yóò fi ọpọlọ ara rẹ̀ parí rẹ̀. Òṣèré mú ààbọ̀ wá, òǹwòran mú ààbọ̀ wá, ibi tí ààbọ̀ méjèèjì ti pàdé ni ẹ̀rín ti ń bú jáde. Ìdí nìyí tí ẹ̀fẹ̀ tí a bá là yé ni tán kì í fi í pani lẹ́rìn-ín mọ́.

Inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ijó àti orin àwọn baba wa, ni òru ẹ̀fẹ̀ wà; àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Ìlobì tí kò jìnnà sí Ìlaró náà ní ìtàn tiwọn pé ọ̀dọ̀ àwọn ni orísun rẹ̀ wà. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ó gbilẹ̀ ní gbogbo àgbègbè yìí débi pé ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àrà ìran ènìyàn tí kò gbọdọ̀ parun. Ọ̀sán rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀, nígbà tí àwọn oníjó bá gbé igi gbígbẹ́ lérí, tí wọ́n ń jáde ní méjìméjì. Ṣùgbọ́n òru rẹ̀, tí à ń pè ní ẹ̀fẹ̀, ni ó ni ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ.

Ní òru ẹ̀fẹ̀, gbogbo ìlú a tú sí ọjà, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọmọdé. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bí ti Kétu, àwọn òjíṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ láti tún ojú agbo ṣe. Arábì Ajígbálẹ̀ a gbá a mọ́, Tẹ̀tẹ̀dé, tí í ṣe ọkùnrin tí ó múra bí obìnrin, a wá fi orin pe ọ̀gá eré síta, nígbà náà ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò jáde nínú ọ̀ṣọ́ àti ọlá ńlá. Ẹ̀yin ará, kì í kọ́kọ́ dá àpárá o. Ìbà ni ó kọ́kọ́ ń jú: ó júbà àwọn òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá wa tí wọ́n ni òru, ó júbà àwọn àgbà àti àwọn tí ó ti kọrin ṣáájú rẹ̀, ó sì wúre fún ìlú kí ayé ó tutù, kí aboyún ó bí tibi-tire. Ìgbà tí ó bá ti gba àyè báyìí tán ni yóò wá ṣí àpò ọ̀rọ̀: ẹni tí ó jí ewúrẹ́, ìyàwó tí ó bú ìyá ọkọ, olóyè tí ó ta ilẹ̀ ẹlẹ́bí, olówó ahun, òṣèlú tí ó ṣe ìlérí tí kò mú un ṣẹ, gbogbo wọn ni yóò fi orin àti àfarawé gbé sí gbangba títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àwọn èrò a máa gbe orin náà, nígbà tí ó bá sì fi di ọjà àárọ̀, orin náà ti wà lẹ́nu ẹlẹ́kọ àti ẹlẹ́pa.

Ẹ jẹ́ kí a ronú jinlẹ̀ sí ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí. Ọba kì í pa ọ̀kọrin: ohun tí a bá fi ẹ̀fẹ̀ sọ ní òru yẹn, a kì í fi í di ọ̀tá ẹni. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìbà tí ẹlẹ́fẹ̀ jú ni ó fi rà á. Ẹni tí ó ti tẹríba fún ìlú kí ó tó bá ìlú wí, ìlú mọ̀ pé ọmọ ilé ni, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ̀wẹ̀, kì í sáábà dárúkọ ẹni tí ó ń bá wí ní tààrà. Ìrìn rẹ̀ ni yóò rìn, aṣọ rẹ̀ ni yóò júwe, ọ̀nà oko rẹ̀ ni yóò tọ́ka sí, nítorí bí òwe bí òwe ni à ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn tọkọtaya ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Ìlaró àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, kọ odindi ìwé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 1983. Ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Lawal, kọ tirẹ̀ ní ọdún 1996. Ìwé méjèèjì sì fi hàn pé eré yìí kì í ṣe fàájì lásán, ọ̀nà tí ìlú ń gbà tún ara rẹ̀ ṣe ni.

Bí ojúmọ́ bá sì mọ́, ẹ̀fẹ̀ kò tán, ó kàn bọ́ sára igi ni. Àwọn agbẹ́gilére a máa gbẹ́ oríṣiríṣi ìran sórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ẹranko méjì tí ń bá ara wọn jà, obìnrin tí ó ru ẹrù ọjà, ẹni tí ó gun alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ, àní ọkọ̀ òfuurufú pàápàá. Ohun tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni wọ́n ń gbé lérí jó. Eré ẹ̀fẹ̀ kúkúrú tí a fi igi gbẹ́ ni wọ́n: ìgbà kan ṣoṣo nínú ayé ènìyàn, tí a dá dúró, tí a gbé sókè kí gbogbo ènìyàn ó lè wò ó.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan kọ́ ni ó ni ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn eégún onídán, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní apidán tàbí alárìnjò, ti ń ti ìlú dé ìlú láti ayé Ọ̀yọ́ Ilé, iṣẹ́ wọn gan-an sì ni láti yí padà wéréwéré níwájú àwùjọ: ní báyìí wọ́n di ọ̀bọ, láìpẹ́ wọ́n di erè, kí a tó ṣẹ́jú wọ́n ti di Tápà, wọ́n ti di Gàm̀bàrí, wọ́n ti di ará Ìdàhọ̀mì, tàbí obìnrin panṣágà tí ń kun àtíkè. Ẹ̀rí kan wà nípa wọn tí gbogbo ọmọ Yewa yẹ kí ó mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, Ọ̀gágun Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbéra láti Àgbádárìgì, ó gba ọ̀nà Ìjànnà, ìlú tí kò jìnnà sí Ìlaró, níbi tí Oníṣàrẹ́ ti jókòó bí ojú Aláàfin ní ọ̀nà òkun. Ọ̀nà náà korò fún un, nítorí àìsàn pa àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àti Richard Lander ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, ní oṣù Kejì ọdún náà ni àwọn òṣèré sì ṣeré níwájú Aláàfin àti àlejò rẹ̀.

Ìpín mẹ́ta ni eré náà, gẹ́gẹ́ bí Clapperton ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ènìyàn wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Lẹ́ẹ̀kejì, erè ńlá kan yọ, ó ń la ẹnu, ó ń fà tìtì nílẹ̀, títí a fi ṣẹ́gun rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, òṣèré kan dá dúró sí àárín agbo, àpò tí ó bò ó ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun kan jáde, àwọn èrò sì hó yèè. Òyìnbó ni! Ó rù kan eegun, òtútù ń mú un. Ó ń fín aáṣáà símú, ó ń ra ọwọ́ pọ̀, nígbà tí ó sì fẹ́ rìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán kan ilẹ̀ rí láyé rẹ̀. Àwọn òǹwòran ń pe Clapperton pé kí ó wò ó dáadáa. Òun náà sì jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì.

Ẹ wò ó bí iṣẹ́ náà ti rí. Aáṣáà, ọwọ́ rírà àti ẹsẹ̀ gbígbé: ìṣe mẹ́ta péré. Òṣèré náà kò sọ ìtàn ibi tí òyìnbó ti wá, kò sọ ohun tí ó wá ṣe, kò sì bú u. Ó ti wo òyìnbó fínnífínní, ó ti yọ gbogbo ohun tí òyìnbó fi jọ ènìyàn yòókù kúrò, ohun tí ó ṣẹ́ kù ni ó gbé wá sí agbo. Àkíyèsí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹlẹ́fẹ̀. Ẹni tí kò lè jókòó sí ìdíkọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ó máa wo bí awakọ̀ ti ń bu omi mu, bí agbèrò ti ń pe èrò, bí ìyá arúgbó ti ń tú owó nídìí aṣọ, kò ì tí ì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Lẹ́yìn àkíyèsí ni àsìkò. Ní ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, onílù a sọ gbólóhùn kan, oníjó a fi ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ gba gbólóhùn náà lẹ́nu ìlù, àwọn méjèèjì a sì jọ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣáájú ìlù, tàbí bí ó bá gbẹ́yìn, gbogbo agbo ni yóò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ti rí. Bí òṣèré bá yára sọ ọ́, òǹwòran kò ì tí ì dé ibẹ̀. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó sọ ọ́, òǹwòran ti kọjá ibẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà láàárín ìbéèrè àti èsì, èyí tí ẹlòmíràn rò pé òfìfo ni, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti ń pọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa jọ ti ẹni tí ń júwe ọbẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa, ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín tí mo fi inú ara mi rò. Ká ní obìnrin kan ń bọ̀ láti ìhà Ìdí-Ìrókò ní ẹnubodè, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, kọ́sítọ̀mù sì dá a dúró. “Ìyá ọmọ, ẹ kú ìrìn o. Ọmọ yín mà ga o.” “Ẹ ṣé, ọ̀gá mi. Bàbá rẹ̀ ni ó jọ.” “Kò tilẹ̀ sunkún.” “Ó ti yó ni, sà.” Kọ́sítọ̀mù yí po ìyá ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ìka kan gún ọmọ nídìí, ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í dà ṣùrùrù sílẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ìrẹsì náà fún ìgbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Kọ́sítọ̀mù wá bẹ̀rẹ̀ láti bu ìrẹsì náà wò, fìlà rẹ̀ sì já bọ́, ni àpò ìrẹsì kékeré mìíràn bá jábọ́ láti inú fìlà. Ìyá ọmọ bá kúnlẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ kú ewu ọmọ.” Ibẹ̀ ni eré parí sí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni eré yẹn tọ̀, ìyẹn fàyàwọ́. Ó ń gùn ún lọ bí àtẹ̀gùn, láti orí ìkíni dé orí irọ́, láti orí irọ́ dé orí àṣírí. Nígbà tí a rò pé ẹjọ́ ti dá, ó yí bìrí, adájọ́ di ọ̀daràn. Bí mo bá fi kún un pé wọ́n mú kọ́sítọ̀mù lọ sí ilé ẹjọ́, tí mo tún fi ìwàásù kún un nípa ìwà ìbàjẹ́, mo ti ba ọbẹ̀ jẹ́ nìyẹn, nítorí ìwàásù náà ti wà nínú fìlà. Ẹlẹ́fẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ a máa kúrò ní agbo nígbà tí ẹ̀rín ṣì ga.

Lẹ́yìn àsìkò ni ìrísí. Nígbà tí Charlie Chaplin kọ́kọ́ gbé alárìnkiri rẹ̀ jáde nínú sinimá ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1914, bàtà tí ó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, kóòtù tí ó fún un pinpin àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní ọdún 1936, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kò nílò ju kí ó yọjú lọ: awò ojú tí kò ní gíláàsì, táì ńlá bí ìyẹ́ ẹyẹ, aṣọ tí ó gba ènìyàn méjì, àti aago orí tábìlì tí ó so kọ́rùn dípò aago ọwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo aago yẹn dáadáa. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ ṣe fàájì ju agbára rẹ̀ lọ, tí ó fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ní aago, tí kò sì mọ bí àwọn ọlọ́lá ti ń lo ohun ọlá, aago kan ṣoṣo ti sọ ọ́ tán. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Bàbá Sàlá kò dédé hù bí olú. Ẹgbẹ́ akọrin ni ó kọ́kọ́ dá, Sunny Adé sì wà lára àwọn tí ó bá a lu gìtá kí ó tó dá dúró. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni ó wá yà sí ọ̀nà àwàdà pátápátá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà. Ṣáájú rẹ̀, Hubert Ògúndé ọmọ Òṣoṣà ti dá ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri sílẹ̀ ní ọdún 1945, ó sì la ọ̀nà fún gbogbo àwọn tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ṣí ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, eré tí a ti ń ṣe ní ojú agbo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú pálọ̀. Nítorí pé àkókò orí tẹlifíṣàn kéré, ó di dandan fún aláwàdà láti gé eré rẹ̀ kúrú, kí ó sì tètè sọ ojú abẹ níkòó. Ìrìn àjò náà kò dẹrùn nígbà gbogbo. Ọba kì í pa ọ̀kọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní ọdún 1964 nítorí eré *Yorùbá Ronú*, kò sì gba ìtúsílẹ̀ títí di ọdún 1966. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ó wà níbẹ̀: ìlú tí kò lè gba ìbáwí láti ẹnu òṣèré, ìlú náà ti sọ àṣẹ tí àwọn baba rẹ̀ fún Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ nù.

Ohùn nìkan náà tó ṣe eré. Gbénga Adébóyè, tí ó kú ní ọdún 2003, a máa jókòó nìkan nídìí makirofóònù rédíò, àwa tí a ń gbọ́ ọ a sì rò pé àwùjọ ènìyàn ni ó wà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè ìlú tirẹ̀. Nígbà tí mo bá sì rí Maryam Apaokagi, tí wọ́n ń pè ní Taaooma, tí òun nìkan ń ṣe ìyá, tí ó ń ṣe bàbá, tí ó tún ń ṣe ọmọ tí a ń nà nínú fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ onídán ni ó ń ṣàn níbẹ̀, nítorí gèlè tí ó yí padà lórí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí aṣọ tí eégún onídán ń yí síta láti di ẹlòmíràn. Débọ̀ Adébáyọ̀, tí à ń pè ní Mr Macaroni, gbé àgbàlagbà olówó tí ń lé ọmọdébìnrin kiri síta títí ó fi di orúkọ tí a lè fi pe ẹnikẹ́ni tí ó bá hu irú ìwà bẹ́ẹ̀; Samuel Perry, tí à ń pè ní Broda Shaggi, gbé ọmọ ìta wá. Kì í ṣe èèṣì pé àwọn méjèèjì ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ eré ní yunifásítì. Ẹ̀rín tí ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́nu wa, òógùn ẹlòmíràn ni.

Nígbà náà, kí ló dé tí ọkàn wa fi fà sí eré yìí tó bẹ́ẹ̀? Mo gbà pé ó jẹ́ nítorí pé ó ń bá wa gbé ẹrù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ wa pa. Nígbà tí a sì ṣí díẹ̀ nínú wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ti Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀, àfi ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ẹni tí kò bá gbé ní ilẹ̀ ààlà kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ènìyàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní ọ̀hún, tí oko rẹ̀ wà ní ìhín, tí ọjà rẹ̀ sì wà ní àárín méjèèjì. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ni àwọn àgbà ń wí. Ẹ̀rín kò ṣí ẹnubodè, kò sì sọ ìrẹsì di ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rẹ́rìn-ín sí ohun tí ń ni ín lára, ó ti dìde kúrò lábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó ti wo ojú rẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá. Nínú agbo ẹ̀rín, olówó àti tálákà a máa la ẹnu bákan náà.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ya ẹ̀fẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sín. Ẹ̀fẹ̀ ń bá ìwà wí, nítorí ìwà ni ènìyàn lè tún ṣe. Ẹ̀sín ń bá ìṣẹ̀dá wí, nítorí ọ̀lẹ ni. Ẹni tí ó fi arọ, afọ́jú tàbí akólòlò ṣe ohun ẹ̀rín, ọwọ́ Ọbàtálá tí ó mọ wọ́n ni ó ń bú. Ẹni tí ó sì ń fa aṣọ ya, tí ó ń bú ìyá oníyà, tí ó ń ju ènìyàn sínú gọ́tà kí ó lè rí èrò kó jọ sórí fóònù, ariwo ni ó ń pa, kì í ṣe eré. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti rọlẹ̀, kí ni ó kù sí wa nínú? Bí kò bá sí ohunkóhun tí ó kù, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò di odindi.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bínú pé ọmọ yín ń fi àkókò ṣòfò nítorí pé ó ń sín yín jẹ lẹ́yìn yín, ẹ fara balẹ̀ wo ọmọ náà; bí ó bá sín yín jẹ dáadáa, ó ti mú ojú rẹ̀ lò ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀kọ́ ni ó kù kí ẹ fi kún un. Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ má ṣe jẹ́ kí òru ẹ̀fẹ̀ ó di ìtàn inú ìwé tí àwọn àlejò kọ nípa wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìlaró, Ayétòrò àti gbogbo Yewa, yálà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ẹ wà tàbí ní ìdí iṣẹ́ ọwọ́, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ìlú kan fẹ́ ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ gbé ìjókòó yín lọ sí ọjà, kí ẹ fi fóònù sí àpò fún òru kan ṣoṣo. Ẹ wo bí a ti ń júbà kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ wo bí a ti ń dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bọ́. Ẹ wo bí a ti ń sọ ààbọ̀ fún gbogbo ìlú tí gbogbo ìlú fi ń gbọ́ odindi. Ẹ padà sílé, kí ẹ wá ya fídíò yín. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.